Firefox, Brave, Opera, Vivaldi tàbí Edge: Èwo Ni Kí Ẹ Fi Wo Fídíò, Kí Ló Sì Ń Mú Kó Kọ̀?

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí RAM rẹ̀ kò ju 4GB lọ pọ̀ nílẹ̀ ní Ìlọrin, pàápàá lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní agbègbè Tanke. Chrome máa ń wúwo lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, làwọn èèyàn bá yọ ọ́ kúrò, wọ́n á fi Firefox, Brave tàbí Opera rọ́pò rẹ̀. Facebook á ṣí, ojú ìwé ìròyìn á ṣí. Tó bá wá kan fídíò, wàhálà dé: òbìrìkítí á máa yí láì dúró, tàbí kí ohùn máa dún kí àwòrán dúdú kirikiri, tàbí kí fíìmù sọ pé òun ò lè ṣiṣẹ́ nínú búráúsà yìí. Wọ́n á tún yọ Firefox, wọ́n á gbé Opera. Tó bá di ọjọ́ kẹta, wọ́n á padà sídìí Chrome. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti búráúsà ò tó ohun tí èèyàn ń bọ́ aṣọ torí ẹ̀. Kò sí èyí tó dára jù fún gbogbo ènìyàn nínú márààrún. Irú àìsàn tó ń ṣe fídíò yín ló máa sọ èyí tí ẹ máa mú.

Ìdílé méjì péré ni wọ́n

Ọmọ ìyá ni Brave, Opera, Vivaldi àti Edge. Orí Chromium ni wọ́n kọ́ gbogbo wọn lé, iṣẹ́ Google tí Chrome fúnra rẹ̀ ti jáde. Firefox nìkan ló dá tirẹ̀ ní, Gecko lorúkọ ẹ̀rọ inú rẹ̀, Mozilla ló ń ṣe é. Nítorí náà, bí fídíò bá kọ̀ nínú Brave tí ẹ sáré lọ gbé Opera, ó ṣeé ṣe kó kọ̀ níbẹ̀ náà, torí ohun kan náà ló ń tú fídíò náà lábẹ́ méjèèjì. Èèyàn pààrọ̀ agbádá, kò wẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi búráúsà kan dán ìkejì wò, ọ̀kan láti ìdílé kọ̀ọ̀kan ni kó jẹ́: Firefox lápá kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Chromium lápá kejì. Ẹ ṣí fídíò kan náà nínú méjèèjì, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún síra wọn. Tó bá kọ̀ nínú méjèèjì, ẹ yé dá búráúsà lẹ́bi.

Ẹ tún dán an wò nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀. Ctrl+Shift+N ni nínú àwọn ọmọ Chromium, Ctrl+Shift+P ni nínú Firefox. Extension (àfikún kékeré tí ẹ fi sínú búráúsà) kì í sábà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, cookie àtijọ́ (àkọsílẹ̀ tí ojú ìwé fi pamọ́ sínú búráúsà) kò sì sí níbẹ̀. Bí fídíò bá ṣí níbẹ̀ tó kọ̀ nínú fèrèsé gidi, extension tàbí ìdọ̀tí tó ti kó jọ ló fà á. Kò sí ìdí láti yọ búráúsà kankan kúrò.

Ẹ bi fídíò fúnra rẹ̀ léèrè

Ìgbésẹ̀ yìí làwọn èèyàn máa ń fò, òun gan-an ló sì ń dá ẹjọ́. Lórí YouTube, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún mouse tẹ orí fídíò tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ yan Stats for nerds. Àpótí dúdú kékeré kan á yọ lápá òsì lókè. Nǹkan pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́rin tó lókìkí ni Codecs (ọ̀nà tí wọ́n fi di fídíò), Connection Speed (bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń yára tó), Buffer Health (fídíò tó ti wọlé sílẹ̀ de ìgbà tí ẹ máa wò ó, bí omi inú kẹ́ẹ̀gì) àti ìlà Frames tó ń sọ iye àwòrán tó já bọ́.

Ká ní wáàsí kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ lẹ ń wò lálẹ́, tí àpótí náà sì kà báyìí: vp09, Connection Speed 850 Kbps, Buffer Health 1.2 s, 3 dropped of 2900. Àwòrán mẹ́ta péré ló já nínú 2,900, ẹ̀rọ yín ò ní àrùn. Ṣùgbọ́n fídíò tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì kò ju ìṣẹ́jú-àáyá kan àti díẹ̀ lọ. Omi tó ń wọlé ò tó èyí tí ẹ ń bù mu. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kò sí búráúsà tó máa yanjú ẹ̀. Ìwọ̀n tí YouTube fúnra wọn là kalẹ̀ ni 0.7 Mbps fún 360p (bí nọ́ńbà tó ṣáájú p bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán ṣe ń mọ́ tó), 1.1 fún 480p, 2.5 fún 720p, 5 fún 1080p. Ẹni tí 850 Kbps, ìyẹn 0.85 Mbps, ń wọlé fún, 360p ni ipò rẹ̀. Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àmì Settings tó rí bí eyín jíà ní ìsàlẹ̀ fídíò, kó mú Quality, kó yan 360p. Kó má fi sí Auto, torí Auto á máa gòkè sọ̀ kalẹ̀, ibi tó ti ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ yẹn gan-an ni òbìrìkítí ti ń yọjú.

Ohun kan wà tó máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà níbí. Bó bá jẹ́ pé tààrà ni tafsir náà ń lọ lọ́wọ́, tàbí Durbar Ìlọrin lásìkò Iléyá, Buffer Health ò lè ga láé, torí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ kò ṣeé kó jọ. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí mẹ́wàá kì í ṣe àìsàn nínú fídíò tààrà. Ìlú tí ẹṣin jẹ́ eégún ilé wọn, ẹ jẹ́ kí ẹṣin kọjá tán kí ẹ tó fa fídíò sẹ́yìn.

Ní báyìí, ẹ wo àpótí kejì: av01, Connection Speed 9000 Kbps, Buffer Health 28 s, 640 dropped of 2900. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣàn, kẹ́ẹ̀gì kún, síbẹ̀ àwòrán kan ń já bọ́ nínú márùn-ún. Ẹ̀rọ ni kò lè tú fídíò náà kíákíá tó. Níbí ni yíyan búráúsà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀. A máa padà sí i.

Bí fídíò àtijọ́ bá rí bàìbàì, ẹ wo ibi tí Quality rẹ̀ dé. Ọ̀pọ̀ dadakúàdà àtijọ́, ti Odòlayé Àrẹ̀mú àti Jáígbadé Àlàó, láti inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti gbé e wá, kò sì ju 240p tàbí 360p lọ. Kò sí búráúsà tó lè fi kún ohun tí kò sí nínú rẹ̀.

Fíìmù tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì

Netflix, Prime Video àtàwọn bíi tiwọn kì í fi fíìmù ránṣẹ́ lásán. Títì ni wọ́n ń tì í, búráúsà ló sì gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tó máa ṣí i. DRM ni wọ́n ń pe ètò yìí. Kọ́kọ́rọ́ tí ọ̀pọ̀ búráúsà ń lò ni Widevine, ti Google. Edge lórí Windows ní òmíràn kún un, PlayReady, ti Microsoft. Bí YouTube bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí Netflix kọ̀, tí kóòdù tó yọ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú M7701 tàbí F7701, Widevine ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

*Firefox.* Ẹ lọ sí Settings, General, kí ẹ wá ìsàlẹ̀ dé ibi tí wọ́n kọ Digital Rights Management (DRM) Content sí, kí ẹ fi àmì sí Play DRM-controlled content. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ about:addons sí ibi àdírẹ́sì, kí ẹ ṣí Plugins. Widevine ti Google yẹ kó wà níbẹ̀, OpenH264 ti Cisco náà yẹ kó wà. Bó bá kọ ọ́ pé òun máa tó wọlé láìpẹ́, kò tíì dé nìyẹn: dátà tó já láàárín ló sábà máa ń fà á. Ẹ tẹ àmì eyín jíà tó wà lókè, Check for Updates, kí ẹ fi Firefox sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tó tì í kí ẹ tún un ṣí. Tí wọ́n bá ti fi sí Never Activate, ẹ yí i padà sí Always Activate.

*Brave.* Pípa ni wọ́n pa Widevine látilẹ̀wá, torí àwọn tó ṣe é ò fẹ́ kí kóòdù tí wọn ò lè yẹ̀ wò wọlé láìjẹ́ pé ẹ gbà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé ojú ìwé tó nílò rẹ̀, ó máa bi yín. Ẹni tó bá ti tẹ "kò sí" nígbà yẹn, tó sì ti gbàgbé, ni yóò máa pariwo pé Brave ò dáa. Ẹ lọ sí brave://settings/extensions, kí ẹ tan Widevine, kí ẹ tì í kí ẹ tún un ṣí. Lẹ́yìn náà, brave://components: bí nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Widevine bá jẹ́ 0.0.0.0, kò tíì gbà á sílẹ̀. Ẹ tẹ Check for update.

*Opera àti Vivaldi.* Lórí Windows, Widevine kì í dá wọn láàmú. Lórí Linux (ètò mìíràn tí àwọn kan ń lò dípò Windows) ni àrùn wọn wà, ẹ ó rí i nísàlẹ̀.

*Edge.* Òun ló ń fún ni ní àwòrán tó ga jù lórí Windows nítorí PlayReady. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi 4K tàn yín ra láptọ́ọ̀pù. Netflix 4K nínú búráúsà ń béèrè Intel ìran 7 tàbí tuntun jù bẹ́ẹ̀ (ẹ ó rí bí a ṣe ń mọ ìran nísàlẹ̀) tàbí AMD Ryzen, ojú dígí 4K tó gba HDCP 2.2 (ààbò tí fíìmù ń béèrè lọ́wọ́ ojú dígí), àti HEVC Video Extensions ti Microsoft. Dátà rẹ̀ lè dé 7GB ní wákàtí kan, HD lásán lè dé 3GB, ìpele tó kéré jù kò ju 0.3GB lọ. Nínú iye tí ẹ fi ra dátà oṣù kan, ẹ fúnra yín lẹ mọ èyí tí àpò yín gbà.

Chromium lásán, tí kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára, kì í sábà ní Widevine. LibreWolf pa DRM látilẹ̀. Tor Browser kò ní í rárá. Ẹ má fi wọ́n wá Netflix. A ò ṣe wọ́n fún un.

Ẹni tó fẹ́ gbé fíìmù onítìí sórí projector, ẹ fojú sí wáyà. VGA kò gbé HDCP rárá. Edge tó ń fi PlayReady ṣiṣẹ́ lè kọ̀ jálẹ̀ tàbí kí àwòrán dúdú. HDMI sí HDMI tààrà ló dára jù. Bí kò bá sí, ẹ dán Firefox wò, torí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ kò le tó ti Edge, kódà bí àwòrán rẹ̀ kò tilẹ̀ ga tó.

Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ àti ọ̀rọ̀ codec

Ibi tó jinlẹ̀ jù nìyí, ibẹ̀ sì ni ìfiwéra yìí ti ní èrè gidi fún ẹni tó ń lo tòkunbọ̀.

Dídì ni wọ́n ń di fídíò kí ó tó rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Codec ni ọ̀nà tí wọ́n fi dì í. H.264 ló ti pẹ́ jù, tí àpótí YouTube ń pè ní avc1. VP9 ni vp09. AV1 tó jẹ́ tuntun ni av01. Bí codec bá ṣe tuntun tó ni fídíò ṣe ń kéré tó ní dátà, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni títú rẹ̀ ṣe ń le tó. Bí ẹ̀rọ àwòrán inú láptọ́ọ̀pù bá mọ codec náà, á tú u ní pẹ̀lẹ́, láì gbóná. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, gbogbo iṣẹ́ náà á bọ́ sọ́rùn CPU, ọpọlọ ẹ̀rọ náà: fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, bátìrì á máa sá, àwòrán á máa já bọ́.

Ẹ wo nọ́ńbà CPU yín nínú Settings, System, About. Ti Intel, nọ́ńbà tó tẹ̀lé i3, i5 tàbí i7 ló ń sọ ìran rẹ̀. i5-3320M inú ThinkPad T430, ìran 3 ni. i5-6300U inú EliteBook 840 G3, ìran 6. i5-7200U, ìran 7. i5-1135G7, ìran 11. Nínú codec mẹ́ta yìí, ìran 3 mọ H.264 nìkan. Láti ìran 7 ni ẹ̀rọ náà ti mọ VP9 tán pátápátá. AV1 di ìran 11. Nígbà tí YouTube bá wá gbé av01 fún T430, ẹrù ajá lẹ dì lé ológbò lórí.

Oògùn rẹ̀ rọrùn: ẹ ní kí YouTube fún yín ní H.264. Extension tó ń jẹ́ h264ify ló ń ṣe é, ó wà fún Firefox, ó sì wà fún àwọn ọmọ Chromium. Ó tún ní ibi tí ẹ ti lè dí fídíò 60fps (àwòrán ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), èyí tó máa dín iṣẹ́ CPU kù gan-an nínú bọ́ọ̀lù. Ẹni tí kò fẹ́ extension, tó ń lo Firefox, kó tẹ about:config, kó gbà pẹ̀lú ìkìlọ̀ tó yọ, kó wá media.av1.enabled, kó yí i sí false. AV1 nìkan ni ìyẹn dá dúró; YouTube á padà sí VP9, èyí tó ti tó fún ìran 7 sókè. Kò sí irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ nínú Settings àwọn ọmọ Chromium, ibí ni Firefox ti fi ẹ̀yìn wọn balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń san. Fídíò H.264 ń jẹ dátà ju VP9 lọ bí àwòrán méjèèjì bá dára bákan náà, YouTube kì í sì í fún un ju 1080p lọ. Ẹni tó ń ra dátà ní ìwọ̀nba tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì jẹ́ ìran 8, kó má fi h264ify sí i rárá. Ẹni tí T430 rẹ̀ ń gbóná bí ààrò, kó fi sí i, kó sì máa wo 480p.

Ohun mìíràn tó máa ń fara pamọ́: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi Windows tuntun sínú láptọ́ọ̀pù lọ́dọ̀ àwọn aṣàtúnṣe, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í fi driver àwòrán (ohun tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀rọ àwòrán) sí i. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún mouse lórí Start, Device Manager, Display adapters. Bí ohun tí ẹ rí níbẹ̀ bá jẹ́ Microsoft Basic Display Adapter, kò sí búráúsà tó máa dára lórí ẹ̀rọ náà, torí ẹ̀rọ àwòrán ń sùn. Ẹ lọ gba driver Intel tàbí AMD láti ojú ìwé HP, Dell tàbí Lenovo, gẹ́gẹ́ bí orúkọ àti nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù yín. Ọ̀pọ̀ "Chrome ń há" tí ẹ ń gbọ́, ibí ló parí sí.

Lẹ́yìn èyí ni àwòrán tó di àwọ̀ ewé, tàbí tó dúdú tí ohùn ń dún. Ó sábà máa ń wá láti inú hardware acceleration (gbígbé iṣẹ́ fídíò fún ẹ̀rọ àwòrán) tí driver àtijọ́ kò lè gbé. Nínú Brave, Opera, Vivaldi àti Edge, ẹ ṣí Settings, kí ẹ tẹ graphics tàbí hardware sínú àpótí ìwákiri rẹ̀, kí ẹ pa acceleration, kí ẹ tún búráúsà ṣí. Nínú Firefox, Settings, General, Performance: ẹ yọ àmì kúrò lára Use recommended performance settings, ìgbà yẹn ni Use hardware acceleration when available á tó yọjú. Tí àwòrán bá padà, driver ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹ tún driver ṣe, kí ẹ tan acceleration padà. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní pípa títí láé, torí CPU nìkan ni gbogbo iṣẹ́ náà á wà lọ́rùn rẹ̀.

RAM ńkọ́? Láàárín búráúsà márààrún yìí, ìyàtọ̀ tó wà lórí 4GB kéré ju bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀ lọ. Taabu ogún á pa èyíkéyìí. Shift+Esc á fi taabu tó ń jẹ RAM hàn nínú Brave, Vivaldi àti Edge. About:processes ni nínú Firefox. Owó tí ẹ máa fi kún RAM wúlò ju búráúsà tuntun lọ: T430 ń gba DDR3, 840 G3 ń gba DDR4, wọn kì í wọ ojú ihò ara wọn, torí náà ẹ sọ nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù kí ẹ tó sanwó.

| Búráúsà | Fíìmù onítìí | Ẹ̀rọ àtijọ́ | Ibi tó ti sábà ń kọ̀ |
|---|---|---|---|
| Firefox | Ó ń ṣe é, bí Widevine bá ti wọlé tán | Dára, èèyàn lè dá AV1 dúró nínú rẹ̀ | Windows N, autoplay |
| Brave | Ẹ gbọ́dọ̀ tan án | Dára pẹ̀lú h264ify | Shields tó le jù |
| Opera | Ó ń ṣe é lórí Windows | Wọ́n ti kó nǹkan púpọ̀ sínú rẹ̀ | VPN, Linux |
| Vivaldi | Ó ń ṣe é lórí Windows | Ó wúwo díẹ̀ | codec lórí Linux |
| Edge | Òun ló ga jù | Ó ti wà nílẹ̀, kò gba dátà láti gbé e | HDCP. Ìpamọ́ bátìrì |

Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń lé àlejò padà

Brave ní Shields, àmì orí kìnnìún lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì. Firefox ní apata tirẹ̀ níbẹ̀ náà. Iṣẹ́ wọn ni láti dá ìpolówó àti àwọn tó ń tọpa ènìyàn dúró, ṣùgbọ́n fídíò tí wọ́n gbé láti ibòmíràn sínú ojú ìwé ìròyìn tàbí Facebook lè bá wọn lọ. Ẹ tẹ kìnnìún, ẹ pa Shields fún ojú ìwé yẹn nìkan. Ẹ tẹ apata, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdí láti pa á fún gbogbo ayé.

Fídíò tó ṣí ṣùgbọ́n tí kò ní ohùn títí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, Firefox ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é: ó ń dá ohùn tó ń dún fúnra rẹ̀ dúró. Settings, Privacy & Security, Autoplay ni ẹ ti lè gba ojú ìwé kan láàyè.

Opera ní VPN nínú, ohun tó ń mú kí dátà yín gba sáfà ibòmíràn kọjá. Bí fídíò bá há, tàbí tó sọ pé kò sí fún orílẹ̀-èdè yín, ẹ wò ó bóyá ó wà ní títàn. Fídíò tó yẹ kó wá tààrà á kọ́kọ́ yí gba ìlú òyìnbó kó tó dé Ìlọrin.

Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, àwọn ọmọ Chromium ní ọ̀nà ìpamọ́ bátìrì. Energy Saver inú Chrome máa ń tan fúnra rẹ̀ nígbà tí bátìrì bá kù 20%, ó sì lè dín àwòrán fídíò kù. Opera ní Battery Saver, Edge ní Efficiency mode. Fídíò tó ń já lórí bátìrì tó sì ń dán lórí iná, ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó wo ibikíbi.

Windows N, Windows àtijọ́, àti àsìkò tó ṣì

Firefox kì í gbé codec H.264 àti AAC (codec ohùn) tirẹ̀ wá sórí Windows fún fídíò lásán. Ó ń yá ti Windows lò. Opera àti Vivaldi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí Windows tí orúkọ rẹ̀ parí sí N, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ lọ sí Optional features nínú Settings, kí ẹ fi Media Feature Pack kún un, kí ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Brave ò ní ìṣòro yìí, torí tirẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó ṣì wà lórí Windows 7 tàbí 8.1: Chrome 109, ti oṣù kìíní ọdún 2023, ni ìdílé Chromium ti dúró. Firefox 115 ESR ló lọ síwájú jù. Òun ni kí ẹ mú, kí ẹ sì mọ̀ pé fíìmù onítìí lè kọ̀ nígbàkígbà.

Bí ojú ìwé bá ń sọ pé ìsopọ̀ kò ní ààbò, tí fídíò kankan kò ṣí nínú búráúsà kankan, ẹ wo aago tó wà ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí ọdún tó kọ bá ti ṣì, ìwé ẹ̀rí ààbò ojú ìwé á dà bí èyí tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ tàbí tó ti parí, búráúsà á sì kọ̀. Ẹ tún un ṣe. Bó bá tún ṣì lẹ́yìn tí ẹ ti pa ẹ̀rọ tí iná sì ti lọ, bátìrì kékeré inú bọ́ọ̀dù ló ti kú. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, CR2032 ni, 3V, tí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹ ra èyí tó ní wáyà, kì í ṣe èyí tí ń wọ rìmóòtù. Ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì ńlá kí ẹ tó fọwọ́ kan án.

Linux, ní kúkúrú

Vivaldi: bí fídíò ò bá ṣí, ẹ tẹ `sudo /opt/vivaldi/update-ffmpeg` sínú Terminal. Opera: faili libffmpeg.so tó wá pẹ̀lú rẹ̀ kò sábà ní H.264, a ní láti fi èyí tó pé rọ́pò rẹ̀, gbogbo ìgbà tí Opera bá sì tún ara rẹ̀ ṣe lẹ tún máa ń ṣe é. Ìyẹn nìkan tó láti má mú Opera lórí Ubuntu, ọ̀kan nínú àwọn Linux. Firefox tàbí Brave ni.

Lórí fóònù

Opera Mini ń fi dátà pamọ́ nítorí pé sáfà wọn ló ń kọ́kọ́ ṣí ojú ìwé kó tó fún pọ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ní ipò Extreme, ojú ìwé oníṣẹ́ púpọ̀ máa ń bàjẹ́, fídíò sì lè kọ̀. Ẹ yí i sí High kí ẹ tó sọ pé fídíò ò dáa. Ẹni tó ń gbọ́ wáàsí pẹ̀lú fóònù nínú àpò, Brave ní Background play lábẹ́ Media nínú Settings. Firefox ti fóònù Android ń gba extension. Fún Netflix lórí fóònù, áàpù wọn ni kí ẹ lò, ẹ má bá búráúsà jà.

Èwo wá ni?

Fún ìran 3 sí 6, Firefox pẹ̀lú h264ify, àti Edge tó ti wà nílẹ̀ lórí Windows 10 tàbí 11 fún fíìmù onítìí. Méjì yẹn wá láti ìdílé méjì, torí náà ọ̀kan á máa jẹ́rìí fún ìkejì. Ìran 8 sókè tí ìpolówó ń sú, Brave. Vivaldi dára fún ẹni tó fẹ́ràn taabu, kì í ṣe nítorí fídíò. Opera ni a máa mú kẹ́yìn, àyàfi bí VPN rẹ̀ bá wúlò fún yín níbòmíràn.

Ibi tí ẹ bá sì ti gbà á ni kó jẹ́ mozilla.org, brave.com, opera.com tàbí vivaldi.com. Installer tí wọ́n ń pín lórí flash láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó lè ti pé ọdún méjì. Widevine inú irú búráúsà bẹ́ẹ̀ lè ti di èyí tí Netflix ò gbà mọ́. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan lẹ rí, ẹ fi sí i, kí ẹ ṣí Help, About, kí ẹ jẹ́ kó tún ara rẹ̀ ṣe tán kí ẹ tó ṣí fíìmù kankan.